Sílábù Kejìdínlọ́gbọ̀n

Sílábù mọ́kànlélógójì ni
láti ẹnu ọ̀nà Tíṣà Odùnúgà dé ilé ìfìwéránṣẹ́
ládùúgbò wa ní Ìjẹ̀bú-Òde.
Èmi ò kà á rí. Òun ló kà á
nígbà tí ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì,
tó ní kí ẹsẹ̀ òun tètè kọ́
ohun tí ojú ń múra láti gbàgbé.

Ìkẹfà ń mì. Ìkejìlá ti sán, koríko ti yọ níbẹ̀.
Ní ìkọkàndínlógún, òórùn búrẹ́dì gbígbóná á pàdé rẹ̀.
Ìkejìdínlọ́gbọ̀n, iwájú ṣọ́ọ̀bù mi.
Ibẹ̀ ni mo máa ń gbé mọ́tò mi sí.

Kí ẹ tó bú mi, ẹ jẹ́ n rò tẹnu mi.
Títì wa ò fẹ̀. Ọkọ̀ agbépákó tó ń bọ̀ láti Ìjẹ̀bú-Igbó
ti ré díńgí mi lọ lẹ́ẹ̀mejì,
awakọ̀ ò tilẹ̀ wẹ̀yìn.
Ẹni tó kọ́ ilé tí mo háyà, kẹ̀kẹ́ ológeere ló gùn títí tó fi kú;
kò ro ti mọ́tò nígbà tó ń wọnlẹ̀.
Ibo ni kí n wá gbé e sí, orí?
Gbogbo wa la sì ń ṣe é,
àti nọ́ọ̀sì, àti kọngílá, àti pásítọ̀, àti lèmọ́ọ̀mù.

Ọjọ́ Ajé, òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá.
Mò ń wọn itan oníbàárà kan, mo gbọ́ kó, kó, kó:
ọ̀pá Tíṣà lára ilẹ̀kùn mọ́tò mi.
Kò pariwo. Ó fọwọ́ wá a láti bọ́nẹ́ẹ̀tì dé búùtù
bí ẹni tó ń yẹ aṣọ wò kó tó dúnàádúrà.
Ó ní, "Mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n," ketekete. Ó dúró.
Ó tún un sọ.
Ó wá sọ̀ kalẹ̀ sí títì.

Ọlọ́kadà kan yà bàrà. Bíréèkì ké.
Ẹnì kan lọgun, "Bàbá o!" Èmi ni,
téèpù lọ́rùn, ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́.
Kò fara pa. Ọ̀gbàrà ló ta sí bùbá funfun rẹ̀.
Ó mọ ohùn mi. Ó ní,
"Ọmọ Ọnàfúwà, lóòótọ́, àyọkúrò ni mo kọ́ ẹ ní kíláàsì kẹta,
ṣùgbọ́n mi ò ní kí o yọ ilẹ̀ kúrò lábẹ́ ẹsẹ̀ mi."

Ìjọba ìbílẹ̀ fẹ́ ṣòfin báyìí:
ẹni bá gbé ọkọ̀ sójú ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ á sanwó ìtanràn.
Ẹgbẹ́ oníṣọ́ọ̀bù ti kọ̀wé pé a ò gbà.
Wọ́n gbé e dé ọ̀dọ̀ mi, bírò wà lára rẹ̀.
Mo mọ ohun tí òfin ń dà lọ́wọ́ àwọn tó ń mú un ṣẹ:
ẹgbẹ̀rún méjì nínú àtẹ́lẹwọ́,
mọ́tò á sì padà síbi tó wà.
Mo mọ̀. Síbẹ̀ mi ò fọwọ́ sí i.
Wọ́n ní bó pẹ́ títí, ẹni tó gun ẹṣin, ilẹ̀ ló ń bọ̀.
Ilẹ̀ wo ni n óò wá bọ́ sí lọ́jọ́ náà
tí mo bá ti fi táyà jókòó lé e?

Ìdí ilé ìlagi tó ti kógbá wọlé ni mo ń gbé tèmi sí báyìí.
Mo ń fẹsẹ̀ rìn wá, mo ń ráhùn, bàtà mi ń jẹ.
Lónìí mo dé, jíìpù aláwọ̀ eérú kan
ti nà gbalaja lórí kejìdínlọ́gbọ̀n.
Mo mọ olówó rẹ̀. Agbádá mẹ́ta ló kó fún mi rán,
kò tíì san kọ́bọ̀.
Aago mẹ́sàn-án ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá.
Mo dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, mi ò tíì mọ ohun tí n óò sọ,
mo sì ń gbọ́ ọ̀pá náà lókèèrè, ó ti kọjá ilé búrẹ́dì:
ogún,
mọ́kànlélógún,
méjìlélógún.