Ìka Kan Lé

Músíọ̀ Bíáù kò nà wá rí.
Rọ́bà ló ń nà.
Ó tọrọ ọ̀já táyà kan lọ́wọ́ bàbá mi,
dúdú, tẹ́ẹ́rẹ́, tó ń rùn bí ọ̀dà ọ̀nà lọ́sàn-án gangan,
ó fi kọ́ ìṣó lókè pátákó,
ó so agolo tòmátì mọ́ ọn nídìí,
ó ní, "Bàkẹ́, máa bu yanrìn sí i."

Ife kan: rọ́bà gùn ní ìka kan.
Ife méjì: ìka méjì.
Mo ń fi èédú sàmì sára ògiri,
àwọn ọmọkùnrin ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn mi,
wọ́n ní ọmọ alẹtáyà gbé iṣẹ́ ilé wá sí kíláàsì.
Ife mẹ́ta, ìka mẹ́ta. Kò ṣì í.
A da yanrìn nù, rọ́bà padà sáyè rẹ̀
bí ọmọ tí ìyá rẹ̀ pè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ní ife keje ni ó gùn ju iye tí a rò lọ.
A da yanrìn nù.
Ó padà, kò padà tán.
Ìka kan ṣẹ́kù síta.
Músíọ̀ sọ orúkọ ibi tó kọjá yẹn ní Faransé.
A kọ ọ́ sínú ìwé, a fa ìlà pupa sí i nídìí.

Lọ́sẹ̀ kejì, omi ló kàn.
Agolo kan náà, ihò mẹ́ta: òkè, àárín, ìsàlẹ̀.
"Èwo ni yóò ta jìnnà jù?"
Gbogbo wa ní tòkè ni, ṣebí òun ló ga.
Tòkè kàn ń ṣẹ̀ wálẹ̀ bí itọ́ ọmọ ọwọ́;
tìsàlẹ̀ fò, ó ta sí bàtà Músíọ̀.
"Ẹni tó wà nísàlẹ̀," ó wí, ó ń gbọn ẹsẹ̀,
"òun ló ru gbogbo àwọn tó kù."
Ó nawọ́ sí táǹkì tó wà lórí àpáta Ṣábẹ̀ẹ́.
Mo wá mọ ìdí tí ẹ̀rọ omi ibùdókọ̀ fi ń bú ramúramù
tí tiwa, ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè, ń wúkọ́.

Bàbá mi kò mọ̀wé. Ó mọ jáàkì.
Ọwọ́ kan ni ó fi ń tẹ irin kékeré,
ọkọ̀ òwú tó ti Párákù bọ̀ a sì dìde díẹ̀díẹ̀
bí arúgbó tó ń kúrò lórí àpótí.
Mo ní, "Bàbá, òróró inú rẹ̀ ni.
Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ níbì kan, gbogbo ara rẹ̀ ló ń gbọ́."
Ó nu ọwọ́ sára ṣòkòtò.
"Ilé wa nìyẹn," ó ní.

Ọdún yẹn ni Wọ̀rú, ẹ̀gbọ́n mi, ti Nàìjíríà dé
nígbà iṣu tuntun.
Ó jẹun, ó ṣàwàdà, ó sùn sórí ẹní rẹ̀ àtijọ́.
Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ bá ti fun fèrè lójú títì,
ọrùn rẹ̀ a yí.
Mo wo ìyá mi.
Kò ní èédú lọ́wọ́, kò sí ògiri níwájú rẹ̀,
ó ti wọ̀n ọ́n.

Nígbà tí mo ṣe àṣeyege, tí mo ń lọ sí ilé ìwé ní Àjàṣẹ́,
Músíọ̀ dá ọ̀já náà padà fún wa.
Bàbá mi fà á wò, ó fi sẹ́nu, ó tu ú.
"Èyí ò lè lẹ táyà mọ́."
Àpótí mi ti wà lẹ́yìn alùpùpù, onímọ́tò ń kánjú.
Ó yí ọ̀já ká àpótí, ó yí i ká irin,
ó fi eyín fa etí rẹ̀ kejì,
ó so kókó kan,
ó tún so èkejì lé e.
Ìka tó lé yẹn gan-an ni kókó fi tó.