Òdìkejì Aṣọ

Ìṣẹ́jú mọ́kànlá péré ni fíìmù náà.
Ọjọ́ mẹ́rin la fi yà á, lókè odò Ríónì,
níbi tí òkè ti ga débi pé
oòrùn ń pẹ́ dé bí òṣìṣẹ́ ìjọba.

Tekle ta alùpùpù baba rẹ̀ kó tó rí kámẹ́rà yá.
Èmi gbé maíkì lórí ọ̀pá gígùn,
apá mi ń gbọ̀n, òtútù ń jẹ mí létí.
Vakho ló ń wakọ̀,
òun náà ló ń se ẹ̀wà,
òun náà ló ń lé àgùntàn kúrò níwájú wa.
Kò sí ẹni kẹrin.

Bidzina la wá yà,
ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin.
Ọwọ́ òsì ló fi ń pọ́n dòjé,
bó ṣe ń pọ́n ọn láti kékeré
tí olùkọ́ lù ú lù ú tí kò yí padà.
Wọ́n ní a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni.
Bidzina na ọwọ́ òsì sókè,
ó fi ilé baba rẹ̀ hàn wá:
ògiri méjì, igi àsálà kan tó hù láàárín yàrá.
"Ibẹ̀ ni wọ́n bí mi sí," ó ní,
ó sì wúkọ́.

Tekle ní ká gé ikọ́ náà dànù.
Mo ní mo ti gbọ́.

Lẹ́yìn náà ni lẹ́tà bẹ̀rẹ̀ sí í dé.
"A dúpẹ́, ṣùgbọ́n." "Ó wù wá, ṣùgbọ́n."
Ṣùgbọ́n mẹ́tàdínlógún ni Tekle lẹ̀ mọ́ ara fíríìjì.
Ìkejìdínlógún ní ká máa bọ̀.
A jókòó sínú òkùnkùn nílùú kan létí òkun àwọn Pọtogí,
wọ́n fi tiwa há àárín ti ará Ṣílè kan
tó ya ẹni tó ń tún aago ṣe,
àti ti ọmọbìnrin ará Fiẹtinámù
tó kàn ya ìyá rẹ̀ níbi tó ti ń sùn, títí ilẹ̀ fi mọ́.
A ò gbọ́ èdè ara wa.
Nígbà tí iná tàn, gbogbo wa ló ń nu imú.
Wọ́n pàtẹ́wọ́. Wọn ò fún wa lẹ́bùn.

Nígbà tí a fi padà sábúlé lóṣù kejì,
Bidzina ti wà nínú ilẹ̀ láti ìgbà ìkórè.

Kò sí ilé sinimá níbẹ̀.
Pikria, opó rẹ̀, ṣí aṣọ funfun kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì,
a so ó sáàárín ilé ìwé àti igi kan.
Ṣùgbọ́n inú ilé màlúù nìkan ni iná wà,
ẹ̀yìn aṣọ la wá gbé ẹ̀rọ sí.

Bidzina yọ, ó jókòó, ó ń pọ́n dòjé.
Pikria dìde.
"Ta nìyẹn?" ó bi wá. "Ọkọ mi kọ́.
Ọlọ́wọ́ òsì lọkọ mi."

A wò ó. Òótọ́ ni.
Ṣọ́ọ̀ṣì ti sọdá odò.
Lẹ́tà ìsàlẹ̀ àwòrán ń fi ẹ̀yìn rìn.
Vakho nawọ́ sí ẹ̀rọ láti pa á.
Pikria ní kó fi í sílẹ̀.
Ó gbé àga rẹ̀,
ó wọ́ ọ nínú yìnyín, ó gba abẹ́ okùn kọjá,
ó lọ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ màlúù.
Ni gbogbo abúlé bá dìde,
tàga tàpótí,
àgbà kan lẹ́yìn ọmọ rẹ̀ bí ìkókó,
wọ́n ṣí lọ sí òdìkejì.
Àwọn ọmọdé nìkan ló kù lọ́hùn-ún,
wọ́n ní ọ̀dọ̀ àwọn ló dùn jù.

Fíìmù parí.
Pikria yíjú sí mi, kì í ṣe sí Tekle.
"Ikọ́ yẹn," ó ní. "Ẹ jẹ́ kí n tún un gbọ́."
Vakho dá a padà.
Ọwọ́ òsì. Ògiri. Igi àsálà.
"Ibẹ̀ ni wọ́n bí mi sí."
Tekle wò mí. Mo wo bàtà mi.
Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta la tún un ṣe.
Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹrin, ó ní ó tó, iná wọ́n,
ó ká aṣọ rẹ̀ kúrò lórí okùn,
ó lọ tẹ́ ẹ padà sórí bẹ́ẹ̀dì.