Igi Tí Kò So

Ẹ̀gbẹ́ títì l'Ókè-Fíà ni mo ti rà á,
nínú ọ̀rá dúdú. Ẹni tó tà á kò mọ orúkọ rẹ̀:
"Òdòdó ni, ìyá. Oòrùn ló fẹ́ràn."

Mo gbìn ín sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ilé ìdáná.
Ògiri yẹn a máa gba oòrùn ọ̀sán sára,
a tún máa tú u dà sórí ewé títí di alẹ́.
Ewé wọ́ bí etí ewúrẹ́ tó ń ṣàìsàn.
Mo hú u, mo sún un síwájú, ẹsẹ̀ méje.

Múìnátù ń rẹ́rìn-ín lẹ́nu ọ̀nà:
"Ọbẹ̀ wo la ó fi sè?"
Bàbá Oyèéwùmí, onílé wa, ní ká gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀.

Mi ò fèsì.
Omi tí mo fi ṣan aṣọ kẹ́yìn ni mo ń bù fún un.
Ọyẹ́ dé, igi gbẹ bí ìgbálẹ̀.
Mo fi èékánná ha èèpo rẹ̀ díẹ̀:
ó ṣì tutù lábẹ́.

Ọdún kẹta, oṣù kẹta. Kànga ti gbẹ,
iná ò wá láti ọjọ́ Jímọ̀,
páálí la fi ń fẹ́ ara wa
nígbà tó tanná, wẹ́wẹ́,
aláwọ̀ osùn tí wọ́n fi omi là.

Lónìí, bẹ́ǹṣì Bàbá Oyèéwùmí
ti kúrò lẹ́nu ilẹ̀kùn rẹ̀.
Abẹ́ igi ló wà. Ìbòòji yẹn kò ju ti ẹnìkan lọ.
Ó ṣí fìlà, ó fi kọ́ orúnkún.
Òdòdó mẹ́ta já lé e.
Kò gbọ̀n wọ́n dànù.