Ogún Tó Sọ Mẹ́rin Nù

Aago mẹ́rin ìdájí, Winnemucca.
Yìnyín ti dì mọ́ gíláàsì ọkọ̀.
Káàdì báǹkì tí kò lówó nínú mọ́ ni mo fi ń há a,
káàdì kan ṣoṣo tí n kì í kà.

Ìyókù, mò ń kà wọ́n:
eéjì títí dé ẹẹ́fà, fi ọ̀kan kún un;
eéje, ẹẹ́jọ, ẹẹ́sàn-án, jẹ́ kí wọ́n kọjá bí àlejò tí kò kí onílé;
ẹẹ́wàá, jáàkì, ayaba, ọba, éèsì, yọ ọ̀kan.
Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ ọdún mẹ́jọ lè ṣe é
bí ẹnikẹ́ni kò bá gbé ọtí síwájú rẹ̀,
bí igba kàlòkàlò kò bá máa han lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo,
bí ojú dígí inú àjà kò bá máa wò ó láìṣẹ́jú.

Ogún ni mo ń wá lọ́wọ́ apínkáàdì.
Mẹ́rìndínlógún ni wọ́n sábà máa ń fún mi,
ogún tó sọ mẹ́rin nù lójú ọ̀nà,
tí kò ṣeé dúró lé, tí kò ṣeé fi kún.
Ogún kejì ni èyí tí bàbá mi fi sílẹ̀ ní Ely:
ilé pákó, ìbọn ọdẹ, gbèsè ilé ìwòsàn.
Mo ta ilé. Mo ta ìbọn.
Gbèsè ni mo fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ní Elko, Hollis ni mí, mo ń ta táyà katakata.
Ní Wendover, mo di Garrick tí ìyàwó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ̀,
tí kò mọ̀ bóyá éèsì jẹ́ ọ̀kan tàbí mọ́kànlá.
Iṣẹ́ tó le jù nínú iṣẹ́ yìí ni kí ọlọ́gbọ́n máa yanu bí òmùgọ̀.
Ìyá àgbà kan, Verlene, tó so rọ́bà afẹ́fẹ́ mọ́ imú,
fọwọ́ lé mi lọ́wọ́: "Ọmọ mi, má gba òmíràn, ó máa bẹ́."
Mo mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Mo gbọ́ tirẹ̀.
Ọgọ́rin dọ́là. Mo kà á sí owó aṣọ iṣẹ́.
Inú rẹ̀ dùn débi pé ó fún mi ní súìtì kan.

Alẹ́ àná ni mo fẹ́ sọ.
Ìṣirò gun dé mẹ́rìnlá, n kò rí irú rẹ̀ láti oṣù mẹ́ta.
Àwọn ọba ṣì jókòó sínú àpótí, wọn ò tíì jáde.
Mo gbé owó sókè, ọwọ́ mi ò gbọ̀n.
Ó lọ. Mo tún gbé e. Ó lọ.
Nígbà keje, mọ́kàndínlógún ni mo dì mú, apínkáàdì ṣí ogún.
Ìṣirò mi péye. Àpò mi ṣófo.
Ìgbà yẹn gan-an ni Delbert Ochoa dé, ó rọra fọwọ́ kàn mí léjìká:
"Ọ̀gá, ẹ lè jẹun. Ẹ lè sùn. Ẹ lè fa kàlòkàlò títí ilẹ̀ á fi mọ́.
Káàdì ilé wa nìkan ni kí ẹ má fọwọ́ kàn mọ́."
Ẹ wá wo ọ̀rọ̀: wọ́n lé mi bí olè,
èmi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́n àpò mi gbẹ.
Lẹ́nu ọ̀nà, ó rẹ ohùn sílẹ̀:
"Ẹ mọ̀ ọ́n ṣe o. Láti ọ̀sán ni mo ti ń wò yín."
Oríyìn kan ṣoṣo tí mo rí gbà lọ́dún yìí.

Ní ilé epo, Marlys béèrè kí ni mo máa jẹ.
N kò tíì jẹ láti ọjọ́ Ajé. Mo ní kó dín ẹyin méjì.
Ó gbá owó ẹyọ tí mo tẹ́ sílẹ̀ sínú àpò épírọ́ọ̀nù,
kò kà á.

Ilẹ̀ ń mọ́ nígbà tí Tamsin pè láti Boise:
"Dádì, ó ku mélòó?"
Ọ̀nà funfun gbọọrọ nù-un níwájú mi.
Tírélà kan kọjá, mo fi ọ̀kan kún un.
Ẹyẹ ìwò kan bà lé wáyà, mo yọ ọ̀kan.
"Mẹ́rin," ni mo wí.
N kò sọ fún un bóyá wákàtí ni, tàbí ìlú.