Odi Mẹ́rin

Ọdún tí Bọnifásì ti Gàbọ́ọ̀nù dé sí Kétu
ló gbé àpótí kan bọ̀,
ọkùnrin mẹ́fà ló sọ̀ ọ́ nínú ọkọ̀.
Gíláàsì lójú, ọ̀pá kékeré kan, bọ́tìnnì pupa kan,
ihò tóóró tí ń gbé owó mì.
A kọ́kọ́ rò pé fìríjì ni.

Ẹ̀yìn ilé ọtí ló gbé e sí,
ẹ̀rọ amúnáwá ń wúkọ́ lẹ́yìn ògiri.
Dálà márùn-ún lẹ́ẹ̀kan,
owó tí ìyá mi ní kí n fi ra iyọ̀.
Ọbẹ̀ tẹ́ lálẹ́ ọjọ́ yẹn,
pàṣán ni mo fi ṣe ẹran.

Kòkòrò funfun tò lẹ́sẹẹsẹ lójú ọ̀run dúdú,
gìrì, gìrì, wọ́n rìn dé etí,
wọ́n sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀, wọ́n tún ṣẹ́rí padà
bí àgbẹ̀ tó ń kọ ebè.
Nísàlẹ̀, ìbọn kan ṣoṣo, tiwa,
àti odi mẹ́rin tí à ń sá sí lábẹ́,
tí ọta ń bù jẹ
bí èkúté ṣe ń jẹ ọṣẹ.

Ìgè ló mọ̀ ọ́n ta jù.
Ìgè tó fẹsẹ̀ wáyé, tó ń fọwọ́ òsì jẹun,
tí wọ́n ń gbá lọ́wọ́ nídìí àwo;
ọwọ́ òsì náà ló gbé e dépò kìíní.
Àpótí á bèèrè orúkọ: lẹ́tà mẹ́ta péré.
Kò mọ àmì ohùn.
Èmi Ọláìtán di OLA.
Ẹnìtàn di ENI,
a ò mọ̀ bóyá ẹni ni tàbí ẹní.
Ìgè nìkan ló wọlé ṣinṣin, IGE,
àfi bí ẹni pé àwọn tó kan àpótí lókè òkun
ti gbọ́ pé wọ́n bí i.
Ṣùgbọ́n bí Bọnifásì bá paná lálẹ́, ó tán.
Ilẹ̀ mọ́, àpótí ò mọ Ìgè rí.

Ìyáàgbà rẹ̀ wá a débẹ̀ lọ́jọ́ kan,
igi ìdáná lórí.
Ó dúró. Ó wò ó títí.
“Ta ni wọ́n?”
“Ọ̀tá ni, Ìyá.”
“Ọ̀tá ibo?”
Ìgè ò fèsì. Ó ń ta.
“Àwọn wo ló wà nínú odi?”
“Kò sẹ́ni kankan. Eré ni.”
“Kò sóbìnrin? Kò sọ́mọ? Ewúrẹ́ pàápàá kò sí?
Kí wá ni ò ń ṣọ́?”

Ìyá tó bí i wà lára àwọn tí wọ́n fokùn dè
lọ sí Dànhòmẹ̀, ọmọ tí ò tíì gún ọyàn,
tó padà bọ̀ wá bá ilé tó ti di igbó.
“Ebi ló ṣí Ìdẹ́nà,” ó ní,
“ìyá mi ní kì í ṣe ìbọn.”

Ó sọ igi kalẹ̀, ó tú kókó etí aṣọ,
ó ki owó bọ ihò.
Kò tẹ bọ́tìnnì.
Abẹ́ odi kìíní ló sá sí,
nígbà tó jẹ tán, ó bọ́ sí èkejì,
gbogbo wa ń pariwo, “Ta, Ìyá! Ta!”
Ó ń sún kiri ni, jẹ́jẹ́,
títí odi kẹrin fi di ihò.
“Ó pẹ́ díẹ̀,” ó ní.
Ó gbé igi rẹ̀.
Àpótí ò bèèrè orúkọ lọ́wọ́ rẹ̀.

Adìyẹ ló ń sàba nínú rẹ̀ báyìí.
Ìgè ń tún ọ̀kadà ṣe ní Pọ́bẹ̀;
mo bi í léèrè ipò kìíní, ó ní òun ò rántí.
Ó nu ọ̀rá lọ́wọ́ òsì.
Ó pẹ́ kó tó ní: Ilésanmí lorúkọ wọn.
Ká ní ó bèèrè, ILE ni ì bá kọ,
ẹ ò sì ní mọ̀
bóyá ilé ni tàbí ilẹ̀.