Ọ̀nà Ṣágámù Ń Fẹ̀

Wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ nọ́ńbà sára ògiri wa:
mẹ́rìnlélógún.
Yàrá iwájú ni ọ̀nà máa gbé lọ.

Ìyá mi ń ka búlọ́ọ̀kù, wọ́n ń ṣépè sínú.
Bàbá àgbà Ṣóẹ̀tán ò sọ nǹkan kan.
Ọ̀nà àkọ́kọ́, ṣọ́bìrì ni wọ́n fi bá wọn là á,
ṣílè kan lóòjọ́;
kókó rẹ̀ ṣì wà látẹ́lẹwọ́ wọn.

Lọ́jọ́ tí katapílà dé,
wọ́n ti ọ̀pá ìtilẹ̀ bọ kòtò,
wọ́n wo ẹnjiníà lójú:
“Ọmọ mi, ṣé òkúta yín jìn?
Tiwa ò jìn.
Òjò méjì ló tú u.”

Ẹnjiníà ṣí akoto, ó họ orí.

Ògiri ti wó láti àná.
Bàbá ṣì ń retí èsì.