Aago Mẹ́rin ní Sololaki

Àjà méje ni mo yà sórí bébà,
gíláàsì láti ìpìlẹ̀ dé òkè,
líìfìtì tí kì í pariwo,
adágún ìwẹ̀ lórí òrùlé.
Malkhaz tó ni owó rẹ́rìn-ín.
"Ẹni tó bá rí i," ó ní, "ẹnu rẹ̀ á ya."

Mo mú okùn ìwọ̀n, mo gun òkè Sololaki, ní Tbilisi,
níbi tí bálíkónì onígi gbé ń fara ti ara wọn
bí àgbàlagbà tó ń bọ̀ láti ibi òkú.
Ọ̀kan ti tẹ̀. Wọ́n fi irin méjì tì í nídìí.
Àjàrà ti gun ògiri bíríkì dé fèrèsé ìdáná,
kò bi ayàwòrán-ilé kankan.

Màmá Tsiala jókòó lókè,
ó ń sín àsálà sókùn bí ẹni ń sín ìlẹ̀kẹ̀.
Kò béèrè iye owó. Kò béèrè orúkọ mi.
Ó ní: "Ìwọ ọmọ yìí,
tó bá di aago mẹ́rin, oòrùn a máa dé orí àga mi.
Nínú ilé tí o yà yẹn, ibo ló máa gbà kọjá?"

Mo tẹ́ ìwé. Mo fi ìka wá a.
Mo rí ibi tí mọ́tò mẹ́rìnlélógún máa sùn.
Mo rí ibi tí wáìnì máa tutù sí.
N kò rí ọ̀nà oòrùn.

Iwájú ilé là ń pè ní ojú ilé.
Ọdún mẹ́rìndínlógún tí mo ti ń yà á,
n kò bi ara mi léèrè rí
kí ni ojú náà ń wò.

Ilé ọba tó jó, wọ́n ní ẹwà ló bù sí i.
Iná kò jó níhìn-ín.
Ilé yìí ṣì gbóná lọ́wọ́ ènìyàn.

Lóru, mo mú rọ́bà, mo pa igun kan rẹ́,
àjà kẹfà, àjà keje,
apá ìwọ̀-oòrùn nìkan,
bí ẹni bu búrẹ́dì jẹ.
Adágún bá a lọ.
Mo fẹ́ràn adágún náà, n kò ní purọ́.

Malkhaz ka fúláàtì tó sọnù: mẹ́ta.
"Nutsa, ta ni yóò san owó oòrùn?"
Kò tíì fọwọ́ sí i.

Lónìí mo tún padà. Aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá.
Màmá ti gbé àga kejì síta.
A kò sọ̀rọ̀.
Àsálà ń gbẹ lórí okùn,
oòrùn ń rọra bọ̀,
ó ti dé orúnkún mi.